Àwọn Ìgò Tí Ebi Ń Pa

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta

Ìwé, fi orí jì mí. Ìkọ̀wé mi kò dára, lẹ́tà kan á ga, èkejì á jókòó sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í sì í tètè dé. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó mú mi kúrò nílé ìwé. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé màá máa kọ ọ́, ì báà jẹ́ ìlà kan.

Àǹtí ló fún mi ní ọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, àwọn méjì péré ni òbí wọn bí. Ó ní láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn, gbólóhùn mi tó gùn jù lọ tí òun tíì gbọ́ ni "ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú iṣẹ́." Ó ní kí n máa fi ọwọ́ kọ ohun tí ẹnu mi bá ń sá fún. Ìyàwó mi ló ń pè mí. Ó ní òun ni ọkọ àgbà, pé àbúrò òun kàn ń bá òun tọ́jú mi ni. Ọkọ mi náà ní orúkọ tirẹ̀ fún mi, Pẹ̀lẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi nìyẹn.

Òní ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àǹtí ló bá mi wá a, ní ilé ìwádìí tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ìgò fífọ̀ ni. Mo rò pé mo mọ ìgò fọ̀. Obìnrin àgbà tó ń kọ́ mi, Ìyá Ìgò ni gbogbo ilé ń pè é, gbé èyí tí mo kọ́kọ́ fọ̀ sókè sí iná, ó wò ó, ó dá a padà sínú omi. Ó ní ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀. Mi ò rí ọṣẹ kankan. Ó ní, "Ìwọ ò rí i, sẹ́ẹ̀lì á rí i. Ọṣẹ tí kò tó láti ta ọ́ lójú, ó tó láti pa á."

Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Òun ni wọ́n fi kọ́ ara gbogbo wa, ojú lásán kò lè rí i. Inú ìgò pẹlẹbẹ ni wọ́n ń gbé, nínú àpótí kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń pọ̀ sí i. Ti Àǹtí wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n gé kókó inú ọmú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọ́n tọrọ díẹ̀ lára ẹran ara rẹ̀, ó sì fún wọn. Ó ní kí n bá òun kí wọn.

Dókítà Àǹtí sọ pé jíìnì kan tó bàjẹ́, ìlà kan nínú ìwé àṣẹ tí ara ń tẹ̀ lé, ni wọ́n bí mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ bàbá wọn ló ti wá, ẹni tí ọrùn rẹ̀ wú, tó wú, títí ó fi kú. Ó ní ó lè wà lára àbúrò rẹ̀ náà, ó sì lè má sí, ìdajì sí ìdajì ni. Kó wá fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n wò ó. Ọkọ mi ní òun ò lọ. Èmi fẹ́ kó lọ. Mi ò tíì rí ẹnu sọ ọ́ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù kẹta

Owó ọkọ̀ ti gòkè. Omi ti la gbogbo ọmọ ìka mi. Ìyá Ìgò kò dá ìgò mi kankan padà lónìí.

Ìṣẹ́gun, 12 oṣù kẹta

Òjò mú Àǹtí lọ́nà, ó sì yà sílé wa pẹ̀lú agbòjò tí atẹ́gùn ti yí inú rẹ̀ síta. Ọkọ mi ń ha sìmẹ́ǹtì kúrò ní èékánná. Ó ti gbé búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀, ojú rẹ̀ ti rẹ̀, ṣùgbọ́n Àǹtí kò jẹ́ kó sinmi. Ó bi í pé ọjọ́ wo ló ń lọ. Ọkọ mi ní òun níṣẹ́. Àǹtí ní ṣé iṣẹ́ ọ̀hún kò ní ọjọ́ Àìkú ni? Ó ní lọ́jọ́ Àìkú òun máa ń sùn.

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀," ọkọ mi wá sọ, "kí lẹ rí gbà níbẹ̀? Ìgbà gbogbo lẹ ń lọ bọ́ra fún àwọn èèyàn kí wọ́n máa tẹ̀ yín níhìn-ín, kí wọ́n máa tẹ̀ yín lọ́hùn-ún."

"Ẹ̀mí ni mo rí gbà," Àǹtí ní. "Bí n kò bá mọ̀, ta ni ì bá sọ fún wọn pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọmú kejì? Olórí kunkun. Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́."

"Ẹ pọ̀n mí, ẹ ṣeun. Ẹ wá fi ẹ̀jẹ̀ mi sílẹ̀ níbi tó wà."

Àǹtí kọjú sí mi. Ó ní, "Ìyàwó mi, bá a sọ̀rọ̀." Àwọn méjèèjì ń wò mí. Mo ní kí n lọ wo iná abẹ́ ìkòkò. Kò sí iná lábẹ́ ìkòkò kankan. Mo dúró sí kíṣìnì, mo di etí ìkòkò tútù mú, mo sì ń bú ara mi.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kẹta

Mo ti ba nǹkan jẹ́.

Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ní kí n máa gbé ìgò oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì láti inú fìríìjì lọ sínú omi gbígbóná, kí òtútù ara rẹ̀ lè lọ. Oúnjẹ náà pupa, ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ tó ń ṣí. Lónìí, ọ̀gá wa, Màdáàmù, ní kí n ṣí àpótí olóoru kí n nu omi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ṣí i. Àwọn ìgò ìlà òkè ní oúnjẹ pupa nínú. Àwọn ti ìlà ìsàlẹ̀, omi lásán ló wà nínú wọn, funfun báláú.

Mo rò pé wọ́n gbàgbé wọn ni. Ó yẹ kí n béèrè. Ìyá Ìgò wà ní yàrá kejì, mo tiẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń bá ẹnì kan rẹ́rìn-ín, mo bá padà. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára ìgò, mi ò lè mọ èyí tó jẹ́ ti Àǹtí. Nítorí náà, mo bọ́ gbogbo wọn. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo rọra ń bu ú bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ lómi, mo sì ń sọ fún wọn pé ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ jẹun.

Nígbà tí Màdáàmù ṣí àpótí, kò kígbe. Ó ní ta ló bọ́ wọn? Ìyá Ìgò wo òkè àjà bí ẹni pé òkè ló ti máa rí onítọ̀hún. Mo na ọwọ́ sókè bíi ti ilé ìwé. Màdáàmù wo ọwọ́ náà títí, ó ní kí n wá rí òun lọ́la. Ìyá Ìgò sọ fún mi lójú ọ̀nà pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ló lọ yẹn, pé yàtọ̀ sí oúnjẹ, afẹ́fẹ́ ìta tí mo jẹ́ kó wọ̀ ọ́ ti gbé kòkòrò wọlé.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní èmi nìkan lòun mọ̀ tó lè rí ohun tí ojú kò rí, kí n sì gbé oúnjẹ lọ bá a. Lẹ́yìn náà ló gbá ọwọ́ mi mú, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹtì, 15 oṣù kẹta

Mo ti ká aṣọ iṣẹ́ mi sínú báàgì láti fi dá a padà. Màdáàmù kò béèrè rẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, awò ojú rẹ̀ kì í kúrò lórí irun rẹ̀, bó bá sì ń wá a, á wá gbogbo tábìlì. Ó fi mí jókòó sídìí awò ńlá tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó ní kí ló dé tí mo fi bọ́ wọn. Mo ní ebi ń pa wọ́n.

"Mo mọ̀," ó ní. "Èmi ni mo fi ebi pa wọ́n."

Ó wá ṣàlàyé, kò sì sọ ọ́ bí ẹni ń bá òpè sọ̀rọ̀. Ó ní bí oúnjẹ bá wọ́n, sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ pé kì í jókòó máa retí ikú. Á wo inú ilé ara rẹ̀, ohun tó ti gbó, ohun tó ti fọ́, ohun tó ti ń jò. Á dì wọ́n sínú àpò, á gbé àpò náà lọ síbi tí omi tó ń yọ́ nǹkan wà, á yọ́ wọn, á sì fi ohun tó bá rí níbẹ̀ gbé ara ró. Ó ń jẹ nínú ara rẹ̀ kó má baà kú. Ó sì tipa bẹ́ẹ̀ gbá ilé. Bí ebi kò bá tiẹ̀ sí, ó ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ebi ló máa ń jẹ́ kí àwọn rí i kedere.

Ó fi àwọn tí ó ti ṣe lóṣù tó kọjá hàn mí. Mo fi ojú sí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà dúdú, àmì tóótòòtó aláwọ̀ ewé sì kún inú wọn, wọ́n ń tàn. Ó ní àwọn àpò ìdọ̀tí nìyẹn, òun ló fi aró sí wọn kí wọ́n lè tàn. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní ebi kan náà ni òun fi pa àwọn wọ̀nyí, àwọn tó wá láti inú kókó jẹjẹrẹ bíi ti Àǹtí. Mo wò ó títí. Àmì kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni mo béèrè. Ohùn mi jáde bí ti ẹlòmíràn. Mo ní, "Kí ló dé tí àwọn yìí kò gbá tiwọn?"

Màdáàmù fa àga sún mọ́ mi. Ó ní fọ́mánù kan, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́, wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju "ẹ kọ́ ọ, ẹ máa kọ́ ọ" lọ. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń pariwo bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbá ilẹ̀. Jíìnì ẹ̀ṣọ́, èyí tó bàjẹ́ lára Àǹtí, ló ń dí i lẹ́nu, kí àwọn tó kù lè ráyè kó ìdọ̀tí. Bí ẹ̀ṣọ́ kò bá sí, fọ́mánù ò ní dákẹ́ láé. Ìdọ̀tí á gòkè, ohun tó fọ́ á máa ta iná sára èyí tó dáa, á máa jó ìwé àṣẹ sẹ́ẹ̀lì náà lójú ewé. Bó bá jó o dé ibì kan, jẹjẹrẹ dé nìyẹn. Ó ní ẹ̀ṣọ́ méjì méjì ni wọ́n ń bí mọ́ wa, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ẹni tí wọ́n bí ọ̀kan tó bàjẹ́ mọ́, ọ̀kan yòókù ló ń dá ṣọ́ ọ. Bí ìyẹn náà bá yẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan, kò sẹ́nì kankan lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Mo ní ṣé ká wá fi ebi pa ẹni tó ní jẹjẹrẹ kó lè sàn ni? Ó ní rárá o, kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí jẹjẹrẹ bá ti gbilẹ̀ tán, ó lè lo jíjẹ ara ẹni yìí kan náà láti fi gbé ẹ̀mí ara rẹ̀ ró. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi ń ṣe é lọ, tí òun ò tíì lè sùn dáadáa.

Kò lé mi. Ó lẹ ìwé ńlá mọ́ ara àpótí: EBI LA FẸ́ KÓ PA ÀWỌN YÌÍ. Ẹ MÁ BỌ́ WỌN. Ìyá Ìgò ní òun kò mọ ẹlòmíràn tó lo ọjọ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n sì ti kọ nǹkan sára ògiri nítorí rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù kẹta

Òjò láti ìdájí. Iṣẹ́ kò sí fún ọkọ mi àti àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi náà ní ìsinmi, ó kù èmi àti òun nílé. Ó ń tún fèrèsé ṣe. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ti to ọ̀rọ̀ náà jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó yíjú sí mi, mo ní ẹ kú iṣẹ́.

Ẹtì, 22 oṣù kẹta

Àlejò wá bá Màdáàmù. Mo ń kó ìgò jọ lẹ́yìn wọn, mo sì gbọ́ tó ń sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bí jíìnì ẹ̀ṣọ́ yìí mọ́ ní bíbàjẹ́, orí wọn máa ń tóbi ju ti èèyàn lásán lọ, láti kékeré. Díẹ̀ ló kù kí gbogbo ìgò bọ́ lọ́wọ́ mi.

Orí ọkọ mi! Tánkì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é níbi iṣẹ́. Akoto líle tí wọ́n fún un níbẹ̀ láti fi bo orí, ihò tó gbẹ̀yìn ló ń kó okùn rẹ̀ sí. Fìlà tó yá lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó wọ orí, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Àìkú, 24 oṣù kẹta

Mo ní mo fẹ́ fi òwú hun fìlà fún un nítorí òtútù àárọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi kí n wọ̀n ọ́n. Téèpù náà ń lọ, ó ń lọ, ó kọjá ibi tí mò ń bẹ̀bẹ̀ pé kó dúró sí. Ó ní kí n má gbàgbé láti ra òwú ẹni méjì. Mo rẹ́rìn-ín sí ẹ̀yìn orí rẹ̀, mo sì ń sunkún. Ó ní kí ló ń kán sí òun lọ́rùn. Mo ní omi ọwọ́ mi ni.

Ìṣẹ́gun, 26 oṣù kẹta

Mo sọ ọ̀rọ̀ orí fún Ìyá Ìgò. Ó fi ọwọ́ ọṣẹ gbá mi léjìká. Ó ní, "Bí orí ńlá bá jẹ́ àìsàn, ọkọ tèmi ì bá ti lọ kí n tó bí àkọ́bí. Lọ́jọ́ tó wá rí bàbá mi, orí rẹ̀ la kọ́kọ́ gbà lálejò." Ó bá mú mi lọ́wọ́, ó fà mí lọ bá Màdáàmù.

Màdáàmù ní òótọ́ ni Ìyá Ìgò sọ. Ọ̀pọ̀ orí ńlá ló wà níta tí kò ní nǹkan kan. Orí kì í ṣe ìdájọ́, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wá. Kókó tó wà lọ́rùn, bí a bá tètè rí i, a ń mú un kúrò ni. Bàbá wọn ò rí ẹni tètè wo tirẹ̀."

Ó tó. Mi ò ní lọ wo iná kankan mọ́.

Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹrin

Ìwé, má wo ìkọ̀wé mi lónìí.

Nílé, bí mo bá la ẹnu, á ti sọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan, á ti jáde. Mo bá gba àyè ọ̀sán, mo sì lọ bá a níbi iṣẹ́. Mi ò dé ibẹ̀ rí. Ilé alájà mẹ́rin ni wọ́n ń kọ́, pàǹtí pọ̀ nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin sì pọ̀ ju pàǹtí lọ. Bí mo ṣe yọ, ẹnì kan kígbe sókè pé Tánkì, ìyàwó ẹ ti wá kó ẹ lọ sílé. Òmíràn ní kí wọ́n fún mi ní ṣọ́bìrì. Mo ń wo bàtà mi, mo sì ń rìn.

Orí pákó lókè ni ó wà. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló kú? Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ nílé. Mo ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nísinsìnyí." Mo sọ ọ́ kíkan. Ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Nítòsí wa, àwọn kan ń fọ́ búlọ́ọ̀kù tó ti sán sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń dà á sí ìpìlẹ̀ ògiri ọgbà. Mo bi í pé ta ló ní kí wọ́n máa kó o. Ó ní òun ni, pé bí òun kò bá sọ ọ́, wọ́n á máa kọ́ tuntun lé e lórí ni. Mo ní, "Bí kò bá sẹ́ni tó ń sọ ọ́ ńkọ́?" Ó ní ilé á wó. Mo ní ohun tí mò ń rí lábẹ́ awò nìyẹn. Mo sọ ọ́ fún un, fọ́mánù àti ẹ̀ṣọ́ àti àwọn àpò tó ń tàn. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ wà nínú mi. Mo ní bóyá ẹ̀ṣọ́ méjì ló wà nínú ara yín, bóyá ẹyọ kan ni, ẹ jẹ́ ká mọ̀.

Ó yọ akoto rẹ̀, ó dì í mú níwájú ara rẹ̀. Ó ní kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló ń ba òun lẹ́rù.

"Bí wọ́n bá ní ó wà lára mi, wàá máa wò mí bí ẹni tó ti kú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Pẹ̀lẹ́. Mi ò fẹ́ kí o máa wò mí bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Bí mo ṣe ń wò yín nìyẹn láti ọ̀sẹ̀ tó lọ. Bí ẹ bá ń jẹun, ọrùn yín ni mò ń wò. Bí ẹ bá húkọ́, mo ti ń sunkún nínú. Àìmọ̀ ló fà á. Bí mo bá mọ̀, màá sinmi, màá tún máa wò yín bí ọkọ mi."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, sìmẹ́ǹtì sì kún ojú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọ́ búlọ́ọ̀kù, bàbá àgbà kan, fi òòlù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Tánkì, bí wọ́n bá wá bá mi sọ̀rọ̀ báyìí níbi iṣẹ́, ibi tí wọ́n bá ní kí n lọ ni màá lọ."

Ọkọ mi ní Ọjọ́bọ̀ ni òun ń lọ.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kẹrin

Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìgò tóóró kan péré. Àǹtí wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ó sì ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọ òun nìyí, kó wá iṣan tó dáa. Ọkọ mi ní láti ìgbà tí òun ti wà ní kékeré lòun ti ń wá ibi tí Àǹtí kò ní bá òun dé.

Ọjọ́rú, 17 oṣù kẹrin

Ooru. Tòmátì ti wọ́n débi pé mo ra díẹ̀, mo sì rọra ń gbé e lọ sílé bí ẹyin. Wọn ò tíì pè wá.

Màdáàmù tún ìdánwò tí mo bà jẹ́ ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí ó pè mí kí n wá wò. Ó ti dá ẹ̀ṣọ́ tó pé padà sínú díẹ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́, ó sì fi ebi pa wọ́n. Mo fi ojú sí awò. Àmì aláwọ̀ ewé ti ń yọ, kì í ṣe púpọ̀, kò tó ti àwọn tí ara wọn pé, ṣùgbọ́n ó ń yọ. Màdáàmù ní inú ìgò nìyẹn o, inú èèyàn ṣì jìnnà. Mo ní mo gbọ́. Síbẹ̀, mo rìn dé ibùdókọ̀ láìmọ̀ pé mò ń rìn.

Ẹtì, 26 oṣù kẹrin

Ó wà lára rẹ̀.

Àìkú, 28 oṣù kẹrin

N kò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Dókítà sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó ní kì í ṣe pé ó ní jẹjẹrẹ, ó ní ọ̀nà rẹ̀ ló ṣí ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí náà àwọn á máa ṣọ́ ọ̀nà náà: ọrùn lọ́dọọdún, kíndìnrín, ìfun nígbà tó bá dàgbà sí i. Ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní ṣé òun ṣì lè gun òkè ilé? Dókítà ní ó lè gùn ún. Ó ní ó dáa.

Àǹtí ló sunkún. Ó ní bí èèyàn ṣe ń pín nǹkan kọ́ nìyí. Ọkọ mi gbá a mú, ó ní ṣé òun kò ní kó fi ẹ̀jẹ̀ òun sílẹ̀ níbi tó wà? Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, àwọn èèyàn ń wò wá.

Ní ti ọmọ, ìdajì sí ìdajì kan náà ni. A ti sọ ọ́, èmi àti òun, lórí ibùsùn, ní ọ̀sán gangan, bí àgbàlagbà. A máa bí i. A máa tètè mọ̀, a ó sì máa ṣọ́ ọ. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Mo jí láàárọ̀ yìí, mo wò ó bó ṣe ń ha irùngbọ̀n níwájú dígí. Ó ní kí ni mò ń wò. Mo ní ọkọ mi.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù karùn-ún

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọrùn rẹ̀. Kókó kan wà níbẹ̀, kò ju hóró inú ọsàn lọ. Ọwọ́ kò tíì lè kàn án láti ìta. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù karùn-ún

Jẹjẹrẹ ni. Ó kéré, kò tíì kúrò níbi tó wà. Dókítà ní bí ó bá jẹ́ pé a dúró di ìgbà tí ọrùn wú, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ báyìí. Wọ́n máa gé e kúrò, á sì máa lo oògùn kan láràárọ̀ títí ayé.

Mo fọ ìgò púpọ̀ lónìí. Ìyá Ìgò kò bá mi ṣàwàdà. Ó kàn dúró tì mí, ó ń bá mi ṣan wọ́n, ó sì ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè sí iná.

Àbámẹ́ta, 25 oṣù karùn-ún

Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ dáwọ́ jọ, wọ́n gbé ṣíbí àti àwo wá fún ilé ìwòsàn, bí ẹni pé ibẹ̀ ló ń kó lọ. Wọ́n ní kó tètè dé, pé láti ìgbà tí ó ti gba àyè, kò sẹ́ni tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kó pàǹtí. Wọ́n jókòó títí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, bàbá olóòlù náà kí mi lọ́tọ̀.

Ìṣẹ́gun, 28 oṣù karùn-ún

Orí àga ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ èyí, lórí itan mi. Àǹtí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti bọ́ bàtà, ó ní bí wọ́n bá pẹ́ sí i, òun á wọlé lọ bá wọn gé e. Afẹ́fẹ́ tútù ń jáde láti òkè. Omi inú ike tí mo rà nísàlẹ̀, ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń tà á níta ni.

Wọ́n ti gbé e wọlé láti àárọ̀. Kí wọ́n tó tì í lọ, dókítà sọ fún wa pé ohùn rẹ̀ á há fún ìgbà díẹ̀, nítorí ibi tí wọ́n máa gé sún mọ́ ibi tí ohùn ti ń jáde. Kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ọkọ mi wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, o ti rí iṣẹ́. Ìwọ lo máa máa sọ̀rọ̀ nílé." Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, mo ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀.

Òótọ́ ni. Mo ti jókòó síhìn-ín láti àárọ̀, mò ń tò ó jọ. Màá sọ fún un pé Màdáàmù wá síhìn-ín fúnra rẹ̀, ó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ń wá awò ojú rẹ̀ lórí àga tí mo jókòó lé. Ó ní wọ́n fẹ́ fi mí sídìí àpótí olóoru, kí n máa ṣọ́ èyí tó yẹ kó jẹun àti èyí tí kò yẹ. Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ bíi tèmi báyìí. Màá sọ fún un pé ẹ̀rù bà mí títí, pé mi ò sì sá. Màá sọ fún un pé tí ọ̀rọ̀ mi bá tán, màá tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ti ṣí. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀, ó ti yọ ìbòmú, mi ò lè ka ojú rẹ̀ láti ibi tí mo wà. Àǹtí ti ń wá bàtà kiri. Nọ́ọ̀sì ní ìyàwó bíríkìlà dà? Mo ní èmi nìyí. Ó ní wọ́n ti yọ gbogbo rẹ̀, ó ti lajú, kò lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ ló ń jù kiri, ó ń wá ẹnì kan, kí n dìde kí n yára wá sọ nǹkan fún un, ohunkóhun, mo sì ti mọ èyí tí màá kọ́kọ́ sọ, màá sọ pé...